Kẹ̀kẹ́ Andre

Gbogbo ẹni tó wo ìjàkadì Hulk Hogan àti Andre the Giant ní WrestleMania III, lọ́dún 1987, ló rántí bí Hogan ṣe gbé òmìrán náà sókè tó sì là á mọ́lẹ̀. Ó dáa. Ẹ tún un wò, kí ẹ gbójú kúrò lára Hogan.

Ẹ wo ohun tó gbé Andre dé ojú ìjà: kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ṣe bíi rìǹgì, tòun ti okùn tó yí i ká. Òmìrán dúró gbagidi lórí rẹ̀, ó fajú ro, bíi kọ́ńbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ọmọlanke kó lọ ilé tuntun. Àwọn òǹwòran ń ju pàǹtí lù ú. Ta ni irú ìwọlé bẹ́ẹ̀ fẹ́ dẹ́rù bà?

Rẹfirí ńkọ́? Joey Marella, ọmọ tí Gorilla Monsoon gbà tọ́; Monsoon tó jókòó tó ń ṣàlàyé ìjà náà fún wa láìmira! Hogan kọ́kọ́ gbìyànjú àtigbé Andre, òmìrán wó lé e, Marella ka oókan, ó ka eéjì, Hogan yọ́ bọ́. Andre ní ẹẹ́ta ti pé. Èmi ò jiyàn.