Onílé Tó Gbà fún Àgbàrá

Ìjọba Gúúsù Kòríà ní ẹrù àwọn pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí àwọn ò fi tọ́jú ẹ̀dà kejì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ṣe fún aráyé nìyẹn, ojú wọn sì le koko nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná sọ ní àjà karùn-ún ilé kan ní ìlú Daejeon, níbi tí ìjọba kó àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá rẹ̀ jọ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tú bátìrì lithium kúrò níbẹ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ síbòmíràn, ni ọ̀kan bá gbiná. Bátìrì ọ̀hún ti lò kọjá ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dá fún un, ó ti yẹ kó fẹ̀yìn tì. Odindi 384 ló jóná, ó sì gbà tó wákàtí 22 kí wọ́n tó pa iná náà. Iṣẹ́ ìjọba orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lé ní 600 dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti káàdì ìdánimọ̀ orí fóònù.

Mo lè dárí ìyẹn jì wọ́n. Ẹ̀rọ jóná, ẹ ra òmíràn. Ohun tó mú mi patẹ́wọ́ lóhun tí wọ́n ń pè ní G-Drive. Àká ni, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó fáìlì iṣẹ́ wọn sí, GB 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń lò ó lé ní 100,000. Ìjọba tiẹ̀ ti là á sílẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ má fi fáìlì iṣẹ́ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà tábìlì rẹ̀ mọ́, G-Drive ni kó kó gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ààbò. Ààbò o! Ohun tó wà níbẹ̀ tó 858 tẹ́ràbáìtì, gbogbo rẹ̀ ló di eérú. Ẹ̀dà kò sí lábúlé, kò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn. Wọ́n ní àká náà tóbi jù, ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ ò sì yára tó láti máa dà á kọ.

Àwọn àgbà wa ti ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ àgbàrá ò ṣòro: ó ń wá ilé tí yóò wó, kí onílé yáa wá nǹkan ṣe. Iná Daejeon ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìṣọ̀lẹ. Onílé ni mo ń bá wí. Onílé yìí ò tilẹ̀ gbà lásán, ó gbẹ́ kòtò fún àgbàrá wá sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí gbogbo ará ilé kó aṣọ, kó wúrà, kó ìwé ilẹ̀ wọn sínú yàrá tí omi ń kọ́kọ́ wọ̀, ó wá kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn yàrá náà pé ibi ààbò nìyí.

Ẹ bá mi wo "ó pọ̀ jù" yẹn dáadáa. Bí àgbẹ̀ kan bá kórè iṣu, tó wá ní iṣu òun pọ̀ jù láti yọ èbù, èwo nínú àwọn ará oko ni kò ní pe ìyàwó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, kó bi í bóyá ó ń sùn lóru? Nǹkan kékeré ni kò nílò ẹ̀dà. Bí mo bá sọ ìwé tí mo fi ṣírò owó tọ́rọ́ nù, màá tún un kọ. Ohun tó pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni ò lè rántí ohun tó wà nínú rẹ̀, òun gan-an ni ẹ̀dà wà fún.

Ó tiẹ̀ pọ̀ tó báwo ná? Mo fẹ́ràn kí n máa fi ìṣirò dójú ti èèyàn, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ kó 858 tẹ́ràbáìtì sínú fóònù tí àyè rẹ̀ jẹ́ GB 128, ẹ ó ra fóònù bíi 6,700. Ó pọ̀ lóòótọ́, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi dátà ṣiṣẹ́ ṣe kì í lo fóònù, téèpù ni wọ́n ń lò fún irú èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, téèpù, ìbátan kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá yín fi ń gbọ́ Haruna Ishola. Kò kú o, ó ń dàgbà ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní LTO-9, tó jáde ní 2021, ọ̀kan ṣoṣo gba tẹ́ràbáìtì 18, kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ pín 858 sí 18. Téèpù 48. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Kòríà tó wà lórí G-Drive yóò wọ inú báàgì Ghana-must-go kan, àyè á sì ṣẹ́kù fún gàrí àti ẹja gbígbẹ. Ìyẹn lohun tó tóbi jù fún ìlú tí Samsung àti SK Hynix wà, àwọn tí gbogbo ayé ń ra ohun ìrántí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn.

Ẹlòmíràn á ní téèpù ń falẹ̀. Ó ń falẹ̀ lóòótọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ yí i títí kẹ́ ẹ tó kan fáìlì tí ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ máa fi í ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́? Ohun tí a ń lò láràárọ̀ là ń fi sórí ẹ̀rọ tó yára. Ẹ̀dà tí a tọ́jú de àjálù, kó falẹ̀ bó ṣe wù ú, ẹni tí ilé rẹ̀ jó lánàá ò ní bínú sí i. Wọ́n tún lè ní dídà á kọ á gba àkókò. Tàkọ́kọ́ nìkan ló wúwo. Lẹ́yìn ìyẹn, kìkì fáìlì tó yí padà lónìí là ń dà kọ lálẹ́ òní, ìyókù dúró síbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe awo. Ní 2003 ni àwọn onímọ̀ Google ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé bí àwọn ṣe ń tọ́jú fáìlì gbàǹgbà-gbàǹgbà: wọ́n gbà látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ yóò bàjẹ́, ojoojúmọ́ ni yóò máa bàjẹ́, wọ́n wá ń gé fáìlì sí ègé mẹ́gábáìtì 64, ègé kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ẹ̀rọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kejì 2011, àṣìṣe kan nínú ètò kọ̀ǹpútà pa lẹ́tà àwọn oníbàárà Gmail kan rẹ́, ó pa ẹ̀dà orí ẹ̀rọ rẹ́ mọ́ ọn. Kí ló gbà wọ́n? Téèpù. Ní CERN, níbi tí àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń mú kí àwọn ègé inú átọ̀mù kọlu ara wọn lẹ́bàá Geneva, àyè orí dísíìkì wọn ti kọjá mílíọ̀nù kan tẹ́ràbáìtì ní 2023. Ẹ gbé 858 síbẹ̀, kò tó nǹkan tí wọ́n ń gbá kúrò nílẹ̀.

Ibi tí inú ti bí mi nìyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2022, irú bátìrì yìí kan náà gbiná nílé tí ilé iṣẹ́ Kakao kó sáfà rẹ̀ sí nítòsí Seoul. KakaoTalk ni gbogbo Kòríà fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kí gbogbo nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Ìjọba gbaná jẹ. Wọ́n bú Kakao bí ẹní bú ọmọ ọ̀dọ̀ tó fọ́ àwo: èéṣe tí ẹ ò fi ní ẹ̀dà níbòmíràn? Ọ̀gá kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé fipò sílẹ̀, wọ́n tún òfin ṣe, ìjọba sì sọ̀yà pé ní ti tàwọn, bí Daejeon bá tilẹ̀ jó, wákàtí mẹ́ta péré ni gbogbo nǹkan á fi padà bọ̀ sípò. Ọdún mẹ́ta kò tíì pé, Daejeon jó.

Ta ló wá jìyà jù? Àwọn tó gbọ́ràn. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló tẹ̀ lé àṣẹ G-Drive délẹ̀délẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ní ni wọ́n kó síbẹ̀, òun ló sì pàdánù jù. Àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣe oríkunkun, tí wọ́n ń fi fáìlì pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ara wọn bí ẹní fi ẹran pamọ́ fún olóńgbò, àwọn ni wọ́n rí nǹkan mú jáde. Àwọn tó gbọ́ràn wá ń yẹ ímeèlì àtijọ́ wò, wọ́n ń tú dúrọ́ọ̀, wọ́n ń wá ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sórí pépà nígbà kan. Pépà! Ohun tí wọ́n ní ayé ti kọjá rẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nítorí pé tiwa dára. Nílé wa níbí, iná mọ̀wé. Kí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò tó gúnlẹ̀ sí ọ́fíìsì ni iná ti máa ń débẹ̀ ṣáájú wọn, tí yóò wọ yàrá fáìlì tààrà, tí kò ní yà sí ilé ìdáná. Nígbà tí ilé gogoro àwọn onítẹlifóònù ìjọba jó ní Marina, Èkó, ní 1983, ohun tí ará ìlú sọ nípa ìwé tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n sọ nípa ilé náà lọ. Èmi ò rí iná náà, n ò sì ní ẹjọ́ ẹnikẹ́ni dá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ará Kòríà tí iná jó dátà rẹ̀, ojú ń tì í. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣì máa fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún Àǹtí mi tó ń ta aṣọ ní Òṣogbo, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, àwòrán ìgbéyàwó Bísí àti orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ yín lówó ńkọ́, ibo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà lórí fóònù mi."

"Ibo ni èkejì wà?"

"Èkejì kí ni? Àbúrò, fóònù mélòó lo fẹ́ kí n ní?"

Ẹ̀rín rẹ̀ dẹwọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyàlẹ́nu tó wà ńbẹ̀ ni pé àwọn baba ńlá ará Kòríà gan-an ló yẹ kó kọ́ wa. Àwọn ọba Joseon, ìdílé tó ń jọba ní Kòríà láyé àtijọ́, ní àwọn akọ̀wé tó ń kọ ìtàn ìjọba kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láti 1392 dé 1863, ọdún 472, ó di ìwé 888. Ṣáájú 1592, ẹ̀dà mẹ́rin ni wọ́n ní, ní ìlú mẹ́rin tó jìnnà síra. Lọ́dún náà ni ogun Jàpáàn dé, iná jó mẹ́ta. Ìkẹrin wà ní Jeonju. Àgbà ọkùnrin méjì, An Ui tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti Son Hong-rok, kó àwọn ìwé náà gun Òkè Naejang, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn níṣẹ́ owó oṣù. Ogun parí, ààfin ọba ti di ahoro, ebi ń pa ìlú. Láàrin 1603 sí 1606, wọ́n tún tẹ gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n kó ẹ̀dà kan sí Seoul, wọ́n kó ìyókù lọ sórí òkè àti erékùṣù. Ti Seoul jó ní 1624. Ọ̀kan dé Tokyo, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jó níbi ilẹ̀ ríri 1923. Síbẹ̀, ẹ̀dà ìtàn náà ṣì ṣẹ́kù. Ó wà ní Seoul, ó wà ní Busan, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Nínú rẹ̀ lẹ ó ti rí i pé ní 1404, Ọba Taejong ń dẹ ìgbẹ́ lórí ẹṣin, ẹṣin gbé e ṣubú. Ó dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí akọ̀wé gbọ́ sí i. Akọ̀wé gbọ́. Ó kọ ìṣubú náà sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ mọ́ ọn pé ọba ní kí òun má gbọ́.