Àbíkú Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Òwe náà kò bú olóògùn, ṣe ló ń bá a kẹ́dùn. Ó ti já ewé, ó ti wa egbò, ó ti fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ yìí kò ní lọ mọ́, ọmọ sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé òwe yìí dé ọgbà mẹkáníìkì lónìí, níbi tí ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan ti ń kú lójú pópó, tó sì ń jí kí oníṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé òwe ti yí padà. Àìsàn tó ṣeé wò ni ọkọ̀ gbé wọlé. Olóògùn gan-an ló sọ ọ́ di àbíkú, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń gbé owó tẹ̀lé e kiri.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe máa ń lọ. Corolla kan tó ti lé ní ogún ọdún gbéra láàárọ̀, ara rẹ̀ le koko. Nígbà tó di ọ̀sán, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá a dúró lórí afárá Third Mainland, ẹ́ńjìnnì bá kú. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná. Wọ́n pe mẹkáníìkì. Kó tó dé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ọ̀sà ti fẹ́ sí i dáadáa. Ọ̀gá yọ pílọ́ọ̀gì kan, ó fi àkísà nù ún, ó dá a padà, ó ní kí wọ́n tún kọ́kọ́rọ́ yí. Ọkọ̀ gbiná. Láti ọjọ́ náà lọ, pílọ́ọ̀gì ló jẹ̀bi, ọ̀gá ló sì mọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ atẹ́gùn ọ̀sà nìkan ló wò ó sàn. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní crankshaft sensor. Òun ló ń sọ fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì yí dé. Wáyà tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a jọ bí òwú. Bó bá ti gbó, ooru á mú un nà, ibi tó ti sán á ya, iná kò ní kọjá mọ́, brain box kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó fọ́n epo tàbí kó ṣáná. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹnu wáyà á tún kan ara wọn, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá yẹ ọkọ̀ yìí wò ní tútù kò ní rí nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo fẹ́ gbèjà àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, nítorí wọ́n gbọ́n ju àwa tí à ń fi í gbá ara wa mú lọ. Ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta kì í ṣe ẹni à ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, n kò sì fi ṣe é. Kí ni wọ́n ń ṣe sí àbíkú? Wọ́n ń sàmì sí i lára, pé bó bá tún padà wá, àwọn á dá a mọ̀. Ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni lè rò nípa ìgbàgbọ́ yẹn, ìwé àkọsílẹ̀ ni àmì náà jẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó lọ lánàá náà ló dé lónìí. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tí wọ́n wò lábẹ́ ẹ̀rọ ní ẹyọ tó tẹ̀ bíi dòjé. Ẹyọ ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í tẹ̀ nígbà gbogbo. Bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ló ń tẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ìdí rẹ̀ nípa pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ aláìsàn lọ́jọ́ Ajé, kó tún pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mẹkáníìkì wa kò sàmì sí nǹkan kan. Ó pààrọ̀ kọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì àti pọ́ǹpù epo lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí àìsàn bá sì lọ, kò mọ èyí tó lé e lọ. Bó bá padà, kò mọ̀ bóyá àtijọ́ ni tàbí tuntun tó bá pọ́ǹpù àlòkù dé láti ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀, níbi tí wọn kì í ti í gba ohun oníná padà lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á.

Wọ́n á ní ayé ti kúrò níbẹ̀, sikánà ti dé. Lóòótọ́, láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojú ihò OBD-II tí sikánà ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń lò ó. Babaláwo tó dá Ifá tí Ọ̀yẹ̀kú Méjì yọ kì í sáré ní kí oníbèéèrè lọ ra ewúrẹ́. Odù 256 ló wà, ẹsẹ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pọ̀. Yóò kì í, yóò máa kì í, títí èyí tó bá ọ̀rọ̀ oníbèéèrè mu yóò fi jáde. P0171 tí sikánà ń gbé jáde náà, odù ni. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ rọ́bà tó sán tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ ti dínkù, ó sì lè jẹ́ eruku lára sensor tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ọ̀gá kò kì í dé ẹsẹ kejì tó fi pàṣẹ pé kí wọ́n ra oxygen sensor. Sensor yẹn ló figbe ta, òun ni wọ́n sì yọ dànù, bí ẹni tó lé ọdẹ tó ń ṣọ́lé nítorí ó pariwo olè. Èyí tó burú jù ni pé bí iná check engine bá tàn, brain box máa ń tọ́jú bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú náà: bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bó ṣe ń yí, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Ẹ̀rí tí adájọ́ ń wá nìyẹn. Àmọ́ kí iná lè kú ni wọ́n fi ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, tàbí kí wọ́n yọ orí bátìrì. Iná kú, ẹ̀rí náà sì bá a lọ.

Ẹlòmíràn á ní òun ti rí irú ọkọ̀ yìí rí, kọ́ìlì ló ń ṣe wọ́n. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. N kò ní jiyàn pátápátá. Ní oṣù Èrèlé 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, òwe yẹn ṣẹ: ọkọ̀ tí kò jọra rárá bẹ̀rẹ̀ àìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí wọn sì jẹ́ ọ̀kan, nítorí ilé epo ni ojúbọ tí gbogbo wọn ti pàdé. Ṣùgbọ́n kí ló pa Corolla méjì pọ̀, tí ọ̀kan lo ọdún mẹ́wàá nínú iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì New Jersey nígbà yìnyín, tí ìkejì sì ti mu omi àgbàrá rí kí wọ́n tó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi? Wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ lè ti jẹ tán lára ti àkọ́kọ́. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ á máa dá iná dúró nígbà tó bá wù ú, kò sì ní bá kọ́ìlì kankan lọ.

Àwọn mẹkáníìkì ní àwíjàre kan tó wúwo ju gbogbo èyí lọ: oníbàárà kì í sanwó ìrònú. Bí ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, bá fi ọjọ́ méjì tọpa wáyà tó bó, tó fi téèpù wé e, tó ní kí wọ́n mú ₦20,000 wá, wọ́n á bi í pé téèpù mélòó ló rà. Bó bá ra kọ́ìlì tí ọkọ̀ kò nílò, tó ní ₦60,000, wọ́n á sanwó, nítorí ojú wọn rí ohun tí wọ́n rà. Ohun tí a bá ń sanwó fún ni wọ́n á máa tà fún wa. Awakọ̀ èrò náà á ní òun kò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa wò ó, pé lójoojúmọ́ ni òun ń jẹun lórí rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bírò àti ìwé kékeré kì í dá ọkọ̀ dúró. Kí ó kọ aago tí ọkọ̀ kú, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá epo ti lọ sílẹ̀ nínú táǹkì, nítorí inú epo ni pọ́ǹpù ń gbé, epo náà ló sì ń mú un tutù. Ó ṣe pàtàkì jù kó kọ èyí: nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì ń yí tí kò gbiná, àbí kò yí rárá? Ìyàtọ̀ yìí nìkan á gba ìdajì ẹ̀yà ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Wọn kì í kọ ọ́. Ó máa ń sú wọn ni, wọ́n á sì ta ọkọ̀ náà. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n á kun táyà ní dúdú, wọ́n á lẹ téèpù mọ́ ojú iná check engine. Wọ́n á ní obìnrin kan ṣoṣo ló ti ń lò ó, pé AC rẹ̀ ń mú bíi yìnyín. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n á sì ní kí olùrà wá wò ó, kí ara rẹ̀ tó gbóná.