Nígbà Tí Ọkọ̀ Ìjàpá Kanlẹ̀ ní Kaub

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó gúnlẹ̀ sí Ludwigshafen ní ilẹ̀ Jámánì, létí odò Rhine.

Ẹ má bi mí bí Ìjàpá ṣe dé Jámánì. Ibo ni baba náà kì í dé? Láti ọdún 1865 ni ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà BASF ti wà níbẹ̀, òun sì ni Ìjàpá fi ara rẹ̀ jọ̀gá lé lórí. Odò ló ń gbé epo naphtha wá fún un láti Rotterdam, odò ló ń gbé ọjà rẹ̀ lọ, omi odò kan náà ni wọ́n fi ń mú kí ẹ̀rọ tutù. Nínú ẹrù mẹ́wàá tó ń wọlé, bíi mẹ́rin ló ń gba orí omi. Síbẹ̀, bí Ìjàpá bá ń ka ohun ìní rẹ̀, á ka ẹ̀rọ, á ka páìpù, á ka òṣìṣẹ́, kò ní ka odò.

“Ẹni tí kì í gbowó oṣù,” ó ní, “kí ni kí n kà á sí?”

Àkọ̀ ló ń ṣọ́ omi ní Kaub, níbi tí odò kò ti jìn. Ó ránṣẹ́: “Ọ̀gá, omi ń fà o. Kò dé orúnkún mi mọ́.”

Ìjàpá fèsì pé: “Ẹsẹ̀ rẹ ló ń gùn sí i.”

Ọ̀dá ọdún 2018 bá dé. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, òṣùwọ̀n Kaub ka sẹ̀ǹtímítà 25. Kì í ṣe gbogbo jíjìn odò ni òṣùwọ̀n yẹn ń kà o, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tó bá rí 25, á káwọ́ lérí. Ọkọ̀ tó ń kún dẹ́múdẹ́mú tẹ́lẹ̀ wá ń bù díẹ̀ gbé kó má baà kanlẹ̀. Ìjàpá sáré bẹ rélùwéè, ó bẹ tírélà. Wọ́n ní àwọn ò lè ru ẹrù odò tán. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, iṣẹ́ dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe TDI, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù ìbùsùn. Ni Ìjàpá bá bọ́ sétí odò, ó bú sórin:

Lílé: Odò Rhine, mo bẹ̀ ọ́ o,
Ègbè: Kún, odò, kún.
Lílé: Ọkọ̀ mi kanlẹ̀ ní Kaub,
Ègbè: Kún, odò, kún.
Lílé: Ẹ̀rọ mi ń gbẹ́nu sókè,
Ègbè: Kún, odò, kún.
Lílé: Èéfín mi ò ṣe nǹkan kan,
Ègbè:

Kò sẹ́ni tó gbè é. Ọ̀pọ̀lọ́ tí kì í panu mọ́ pàápàá ń wolẹ̀.

Eku akọ̀wé ṣírò rẹ̀: bíi mílíọ̀nù 250 yúrò ló bá omi lọ lọ́dún náà, àbí kí n ní ó bá àìsómi lọ. Yánníbo ní kí ọkọ òun dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù. Ìjàpá ní kí wọ́n kan ọkọ̀ pẹlẹbẹ fún òun.

Ọkọ̀ náà, Stolt Ludwigshafen, bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2023. Mítà 135 ni gígùn rẹ̀. Wọ́n ṣe é kó lè gbé 800 tọ́ọ̀nù kọjá ní Kaub bí òṣùwọ̀n bá tilẹ̀ ka sẹ̀ǹtímítà 30. Ìlù dún, Ìjàpá jó títí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń pariwo.

Àkọ̀ kò jó. Ó ní: “Ọ̀gá, 25 ni mo kà lọ́jọ́sí.”