Ìyá Àgbà Alábùlẹ̀

Mo júbà sísọ́ọ̀sì tó wà lórí tábìlì oúnjẹ wa, torí obìnrin tí mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí ló ni ín, ẹnu àwọn méjèèjì ló sì mú. Ẹ̀fẹ̀ ni mo wá ṣe, n kò wá jà. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ bá dùn, kó lọ fẹjọ́ mi sun ọkọ tirẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, wọ́n ṣe ayẹyẹ fún un. Ó gba máìkì, ó ní ohun mẹ́ta péré lòun fẹ́ fi ìyókù ayé òun ṣe: òun fẹ́ máa rìnrìn àjò, òun fẹ́ máa bá àwọn ọmọọmọ òun ṣeré, òun sì fẹ́ máa rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní kúílìtì. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Àfi ìgbà tó yá tá a rí i pé ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí sọ lọ́jọ́ náà. Ìrìn àjò tó ń wí, ibi tí aṣọ wà ló ń lọ. Àwọn ọmọọmọ tó ń wí, àwọn ló fi ń tọrọ àforíjì fún owó aṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe kúílìtì, ẹ fara balẹ̀. Wọn á ra aṣọ tuntun, aṣọ gidi, tí nǹkan kan kò ṣe. Wọn á fi ọ̀bẹ olóbìrípo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ̀. Wọn á wá jókòó, wọn á máa rán wẹ́lẹwẹ̀lẹ̀ náà pọ̀ padà. Bó bá ti di odindi aṣọ bó ṣe wà kí wọ́n tó gé e, wọn á tẹ́ òwú sábẹ́ rẹ̀, wọn á tẹ́ aṣọ mìíràn sábẹ́ òwú, wọn á sì rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn láti òkè délẹ̀. Etí tí wọ́n ń rán wọlé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì lọ. Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀, ìyàwó mi á tú u palẹ̀. Obìnrin tí kò wọn iyọ̀ kó tó dà á sọ́bẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ!

Ẹ sì rántí pé Houston là ń gbé. Ní oṣù kẹjọ, ooru ibẹ̀ lè se ẹyin lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ká tó lè fi ìbora náà bora, àfi ká tan ẹ̀rọ amúlétutù títí gbogbo ilé á fi máa gbọ̀n. Ìyá àgbà ló ń rán ìbora, èmi ni mò ń ra òtútù.

Abẹ́rẹ́ olórí rẹ̀ kò sì síbi tí kò sí. Mo ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ rí i nínú kápẹ́ẹ̀tì ju bí òun ti fi ojú rí i lọ. Aṣọ náà ńkọ́? Wọ́n ń tà á ní ègé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní fat quarter, íǹṣì 18 sí íǹṣì 22. Kíkéré rẹ̀ ló burú. Bó bá jẹ́ ìró aṣọ ńlá ló ń rà, ǹ bá máa rí i nígbà tó bá ń gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n fat quarter wọ inú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ìjókòó mọ́tò, ó wọ inú páálí bàtà mi. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ wọ bàtà lọ síbi òkú, òdòdó pupa àti ẹyẹ aláwọ̀ ewé ni mo bá níbẹ̀.

Ó máa ń fi ìtàn àwọn obìnrin Gee's Bend pa mí lẹ́nu mọ́. Ìtàn náà sì dùn ún gbọ́. Abúlé àwọn èèyàn dúdú ni Gee's Bend, létí odò Alabama. Òtútù ń gba àlàfo pákó wọlé tọ àwọn ọmọ wọn, ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn bá kó ṣòkòtò oko tó ti gbó àti àpò tí wọ́n ti lò tán, wọ́n gé e, wọ́n rán an pọ̀, ọmọ sùn. Ní ọdún 2002, Museum of Fine Arts tó wà ní Houston níbí gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn kọ́ ògiri, ẹnu ya ayé. Ní 2006, àwòrán wọn wà lórí sítáǹbù lẹ́tà Amẹ́ríkà. Mo bọ̀wọ̀ fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ìyàwó mi ní ipasẹ̀ wọn lòun ń tọ̀. Mo ní ó dáa, mo lọ gbé ṣòkòtò mi tó ti gbó wá. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní, “Bàbá Àgbà, àwọ̀ rẹ̀ kò bá èyí tí mò ń ṣe mu.”

Ká wá sórí ìrìn àjò. Ọmọ wa tó wà ní Maryland bímọ ní oṣù kẹrin. Ìyàwó mi ní bàálù ti sú òun, ó ní ká wa mọ́tò lọ síbi ìsọmọlórúkọ. N kò fura. Ìgbà tá a dé Little Rock ní ìpínlẹ̀ Arkansas ni mo bi í léèrè pé ṣé wọ́n ti gbé Maryland kúrò níbi tó wà ni. Ẹ̀rọ atọ́nà inú mọ́tò ti pariwo títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan náà ni, pé a kàn máa yà díẹ̀ ní Paducah.

Paducah, ìpínlẹ̀ Kentucky! Ìlú kékeré létí odò Ohio, tó jẹ́ pé kúílìtì ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Láti 1991 ni National Quilt Museum ti wà níbẹ̀, UNESCO pàápàá sì kọ orúkọ ìlú náà mọ́ àwọn ìlú oníṣẹ́ ọnà ní 2013. Ní oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ṣe ìpàtẹ ńlá wọn, oṣù kẹrin yẹn gan-an tí ọmọ mi bímọ. Mo rí ohun tí ojú mi ò rí rí. Ìbora wà lára ògiri, wọ́n tan iná sí i lára. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó o bá fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyá kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun ló máa rọra ṣí igun rẹ̀ hàn ọ́. Ìyàwó mi tó fi ìbọ̀wọ́ gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú ìbora, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá kí ọba. Mo bi ìyá oníbọ̀wọ́ náà pé ta ló ń fi èyí sùn. Ìyàwó mi fi ìgbúnwọ́ gún mi.

A dé Maryland ní alẹ́ tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la. Búùtù mọ́tò kún dẹ́nu. Ó rántí òwú títẹ́, ó rántí òwú ìránṣọ oríṣiríṣi, ó gbàgbé orógbó. Lóru ọjọ́ náà, èmi àti bàbá ọmọ ló ń kan ilẹ̀kùn ilé àwọn ẹni ẹlẹ́ni láti tọrọ orógbó.

Ti London tún wá lé kenkà. Ọmọkùnrin wa tó wà níbẹ̀ bí tirẹ̀, ó ní kí màmá òun wá bá àwọn wẹ ọmọ. Ìyá àgbà di ẹrù. Ohun tó kọ́kọ́ wọ inú ẹrù ni Singer Featherweight rẹ̀, maṣínì dúdú kékeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1933, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù márùn-ún. Ó mọ òfin pápákọ̀ òfurufú lórí ju ọjọ́ ìbí àwọn ọmọọmọ wa lọ: abẹ́rẹ́ lè wọ bàálù lọ́wọ́ èèyàn, sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò bá ju íǹṣì 4 lọ lè wọlé, ọ̀bẹ olóbìrípo gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì abẹ́ bàálù. Ó fa maṣínì yẹn láti Houston dé Heathrow, kò fi ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó dé ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ tuntun tí kò ju kìlógíráàmù mẹ́ta lọ fún un. Ó ní, “Yéè, ẹ̀yìn mi!”

Lọ́jọ́ kejì, ó ti wà ní Liberty, ilé ìtajà àtijọ́ tó wà láàárín London láti 1875, ó ń fọwọ́ pa aṣọ olódòdó. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti gbọ́ pé àwọn kúílìtì Amẹ́ríkà àtijọ́ wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan létí ìlú Bath. Ọmọ ní kó wá wẹ ọmọ, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ sí Bath. Ìyàwó ọmọ náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ ọ̀wọ̀, ló pè mí lórí fóònù, ó ní, “Dádì, ẹ kú ilé o. Màmá ń gbádùn ara wọn púpọ̀.” Ẹni tó bá mọ ohùn Ìjẹ̀bú á mọ̀ pé ẹjọ́ ni wọ́n ń rò fún mi yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ti kúílìtì àkọ́bí ọmọọmọ wa. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ wà nínú oyún ni ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ti rìn. Ó ti lọ sílé ìwé. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká, a sì ti jù ú sórí òrùlé. Kúílìtì ṣì wà nínú páálí, kò tíì ní ẹ̀yìn. Bí ọmọ bá sì ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ń fi aṣọ kún etí rẹ̀ kó lè bá a mu. Ìdílé eléégún ni wọ́n bí èmi sí. Ẹ̀kú eégún wa, aṣọ lórí aṣọ ni, wọ́n gé etí rẹ̀ ní ṣónṣó ṣónṣó. Àwọn ọmọ ilé a máa fi tuntun lé ti àtijọ́ nígbà ọdún, títí tẹ́nikẹ́ni kò fi ní mọ èyí tí baba ńlá fi bẹ̀rẹ̀ mọ́. Irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà níbí. Nítorí náà, aṣọ alábùlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀: eégún tiwa ń jáde. Ti ìyàwó mi kò tíì jáde.

Bí àwọn ọmọ bá wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa, òfin á kọ́kọ́ jáde. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má jókòó lé e. Ẹ má mu nǹkan ẹlẹ́rìndòdò nítòsí rẹ̀. Torí tiyín ni mo ṣe ń rán an, nítorí náà ẹ jìnnà sí i. Ìbora Spider-Man tí mo rà lówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń fi sùn, wọ́n sì ń hanrun.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn ṣá. Ọ̀kan wà tó parí. Aṣọ ẹbí ló gé, ẹni tó bá sì ń gbé Houston mọ̀ pé aṣọ ẹbí kì í wọ́n wa. Ó jókòó ti àpótí, ó gbé sísọ́ọ̀sì lé wọn. Ankara ìgbéyàwó tó ti tú ká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì òkú ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ilé. Aṣọ ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ẹnì kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀ẹ̀mejì lẹni náà ṣe ọgọ́ta ọdún. Èyí nìkan ni kò lófin. Ọmọọmọ wa obìnrin, ẹléyín-kíká yẹn, á nà sórí rẹ̀, á fi ìka kan ojú kan, á ní, “Èyí ńkọ́, Ìyá Àgbà?” Maṣínì á dákẹ́. Ìyàwó mi á bọ́ awò ojú rẹ̀, á ní, “Ìyẹn? Hmm. Sún mọ́ mi.” Báyìí ni ọmọ tí kò tíì mọ ìsọdipúpọ̀ ṣe mọ ẹni tó kó owó àjọ jẹ ní ọdún tí ìyá rẹ̀ wọ ilé ìwé gíga. Mo wá wo igun kan lápá òsì, mo rí aṣọ fìlà mi níbẹ̀. N kò tíì gbọ́ ohun tó sọ nípa rẹ̀. Bí mo bá ti wọ yàrá, àwọn méjèèjì á panu mọ́.

Kí ọmọ náà tó padà sí Maryland, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ ní igun mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń mú etí rẹ̀ dọ́gba, bí wọ́n ṣe ń tú u bí kò bá dọ́gba. Ìyá àgbà di abẹ́rẹ́ àti ègé aṣọ fún un nínú agolo bisikíìtì. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó pè é lórí WhatsApp, ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ó fẹ́ kí i, ó fẹ́ bi í ní ohun tó jẹ, ó fẹ́ gbàdúrà fún un. Ọmọ náà fara hàn. Orí rẹ̀ nìkan là ń rí, torí ó tẹ̀ ẹ́ ba. Ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi pè. Mò ń rán nǹkan lọ́wọ́. Bí mo bá dúró báyìí, etí rẹ̀ á yẹ̀.” Ó sì pa fóònù.

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Ó ní, “Bàbá Àgbà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ sí mi?” Mo ní n kò gbọ́. Mo sáré gba gáréèjì lọ kí n lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ṣùgbọ́n òwú títẹ́ ti kún ibẹ̀ dé àjà. Ìta gbangba, lójú àwọn aládùúgbò, ni mo ti lọ rín in.