Ẹ̀bà Wo Ni Wọ́n Ń Fi Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Jẹ?

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Server ni wọ́n ní kí n wá máa tọ́jú. Wọn ò sọ fún mi pé n ó máa jẹ́jọ́ nítorí oúnjẹ ọ̀sán.

Bí àwọn ará ọ́fíìsì wa bá jẹun tán, tí Àǹtí tó ń kọ ìwé owó padà sídìí kọ̀ǹpútà, títẹ̀ àkọ́kọ́ báyìí, ó ti dákú. Wọ́n á pè mí. N ó sáré débẹ̀, Àǹtí á tún un tẹ̀ lójú mi, á sì ṣiṣẹ́ geere. "Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, kí lẹ máa ń ṣe sí nǹkan yìí ná?" Mi ò ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Mo kàn dúró ni.

Load balancer ló wà nídìí ọ̀ràn. Àárín server wa àtàwọn database ló jókòó sí, tó ń pín ìbéèrè fún wọn. Bí ọ̀tún àtòsì bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 350, tí kò tiẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́fà, á gbàgbé pé wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, kò sì ní sọ fún ẹnì kankan. Máígádì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àlejò ló wá ń bi í ní pálọ̀ pé, "Ta nìyí?" Bí server bá tún la ẹnu, RST, àmì pé okùn ti já, ló máa fi gbá a lẹ́nu. Èyí tó wá ká mi lára jù ni ohun tó ń hàn lójú ẹ̀rọ: "Connection reset by peer", pé ẹni òdìkejì ló já okùn. Database tó jókòó jẹ́ẹ́ rẹ̀! Ẹni tó ń tọ́jú database kì í kí mi dáadáa mọ́.

Linux tó wà lórí server ní tirẹ̀, baba onísùúrù. Àfi bí ìṣẹ́jú àáyá 7200 bá pé, wákàtí méjì gbáko, kó tó bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè pé ṣé ó ṣì wà láyé, ohun tí wọ́n ń pè ní keepalive. Bí ètò tó ń lò ó kò bá sì bẹ̀ ẹ́ ṣáájú, kò ní béèrè rárá.

Wọ́n ní kí n má bínú, pé API wà tí a lè fi yí iye náà, láti 60 títí dé 6000. Mo dúpẹ́. Mo wá a lára load balancer fúnra rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ listener, apá rẹ̀ tó ń gba ìbéèrè wọlé, ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Mo dé ọ̀dọ̀ listener, wọ́n ní mi ò láṣẹ. Mo bẹ ọ̀gá, ọ̀gá buwọ́ lù ú. Mo kọ 3600. API ní òun ò gba nọ́ńbà. Iye ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n béèrè o, wọn ò gba nọ́ńbà! Ìgbà tí mo fi àmì àyọlò há a níwájú àti lẹ́yìn, "3600", ló tó gbà.

Wákàtí kan tó fún ẹ̀bà. Kò tó fún ọjọ́ Jímọ̀, nítorí àwọn tó lọ kírun a tún máa yà jẹun. Mo gbé e dé "6000", ibi tó ga jù nìyẹn, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn èèyàn mi ò tíì dé.

Mo wá lọ bá ọmọkùnrin tó kọ ètò wa, pé kó jọ̀ọ́ kó tan keepalive, kó máa ta wọ́n jí lóòrèkóòrè. Iṣẹ́ kékeré ni. Kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí API tẹ́ ẹ lè fi ṣe é ni?"