Ẹ Wá Gbọ́ Ti Kọ̀ǹpútà Dáwódù

Ẹ sún mọ́bí, kí n má baà pariwo. Dáwódù láńlọ́ọ̀dù wa, èyí tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, ra kọ̀ǹpútà tuntun. Kì í ṣe tòkunbọ̀ o, inú páálí ló ti yọ ọ́. Eélòó ló rà á? Ẹ má bi mí, ìyàwó rẹ̀ gan-an ṣì ń wádìí.

Ó tú èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó yọ SSD pẹlẹbẹ inú rẹ̀, tí fídíò àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀, ó kì í bọ ihò tó ṣófo nínú tuntun. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Ó tan kọ̀ǹpútà, kò rí i. Ó wọ inú BIOS, òfo.

Ẹ kúkú mọ ilé wa. Kí NEPA tó mú iná lọ, ọ̀rọ̀ ti kárí. Ìyá alákàrà ní ìyàwó tí Dáwódù ò tíì fún ní fídíò láti ọdún èṣí ló ṣépè. Bàbá aláàdúrà gbé òróró sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó fẹ́ ta á sí bọ́ọ̀dù. Èmi ni mo gba ìgò lọ́wọ́ wọn. Atúnṣe kan ní bọ́ọ̀dù ti kú, kí wọ́n mówó wá. Ẹni tí kò tíì tú ìdérí!

Ọmọbìnrin yàrá ẹ̀yìn tó jáde YabaTech ló yọjú, èyí tí Ìyá alákàrà ní kì í kí èèyàn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ọ́ kí n wò ó.” Ó gbé eyín wúrà SSD náà síná fóònù: èéjì méjì ló wà níbẹ̀. Ó ní SATA ni, ihò kọ̀ǹpútà tuntun yẹn sì rèé, NVMe nìkan ló ń gbà; èdè méjì tí SSD fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni wọ́n. SATA ti wà láti 2003, nígbà tí háàdì ṣì ń yí gbirigbiri. NVMe dé ní 2011. Ihò kan náà lè gba méjèèjì wọlé, àmọ́ tí wọn ò bá so wáyà SATA mọ́ ọn, wọn ò ní gbọ́ ara wọn. Èéjì kan sábà máa ń jẹ́ NVMe, ṣùgbọ́n ó ní ká ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kó tó dá wa lójú.

Ó rán Dáwódù lọ sí Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà, kó ra àpótí USB tó ń gba SATA, torí òmíràn ò gbà á. Dáwódù wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Charly Boy. Wọ́n ti fi orúkọ Ọlámidé olórin pe ibẹ̀ ní 2025, ẹnu tèmi ò tíì yí. Àwọn ará Ọ̀tìgbà náà ńkọ́, tí ìjọba ti ń sọ pé òun máa kó lọ sí Katangowa tipẹ́? Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń tajà.

Dáwódù dé, ó ki SSD bọ àpótí, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ jáde! Gbogbo ilé rọ́ dé. Ó ṣí èyí tó wà lókè: òde ìyàwó kan ní Ìjẹ̀bú. Ta ló ń náwó fún olórin òde náà? Láńlọ́ọ̀dù wa ni, nínú agbádá léèsì, ní oṣù tó ní kò sówó pọ́ǹpù, tó ń gba owó omi yàrá yàrá!

Ìyá alákàrà ní, “Dáwódù, dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ká ka ìdì yẹn.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí oníṣẹ́ pọ́ǹpù fi dé.