Onísùúrù

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ àbúrò yín, ó lè jẹ́ ayálégbé tó wà ní bọ́ìsì-kọ́tà yín. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ti kàwé jáde, kì í mutí, kì í jà, kì í bá ọmọ burúkú rìn, ìyá rẹ̀ sì ń fi í yangàn níbi ìpàdé ẹbí. Bó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ tí wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lé orí ìrọ̀rí, á ki íápíìsì bọ etí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọbìnrin tí wọ́n yà sí ojú gíláàsì.

Onísùúrù ni mo sọ ọ́, nítorí ohun tó ń sọ nípa ara rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn: "Àǹtí, sùúrù ni tèmi." Èyí tí mo mọ̀ dunjú nínú wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ó bá mi gbé ní Ìbàdàn fún ọdún méjì. Mo ti rí ìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo rí ìkẹta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá ti gbọ́ ti ọ̀kan, ẹ ti gbọ́ ti gbogbo wọn.

Japan ni eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe yìí ti wá. Ìwé ìtàn ni, àmọ́ ìwé tó ń bi òǹkàwé léèrè ohun tí yóò sọ ni. Àwòrán ọmọbìnrin á dúró sí àárín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa jáde nínú àpótí kékeré nísàlẹ̀, nígbà tó bá yá, èsì méjì tàbí mẹ́ta á yọ, kí o mú ọ̀kan. Èyí tó gba Onísùúrù lọ́kàn jù ni Tokimeki Memorial, tí Konami gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, nígbà tí wọn ò tíì bí òun alára. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà ló fúnra wọn tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́ta ní iléèwé girama ni ìtàn rẹ̀. Ọmọbìnrin pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni Onísùúrù ń wò: Shiori Fujisaki, onírun pupa, tí òun àti ọmọkùnrin inú ìtàn náà jọ dàgbà. Shiori mọ̀wé, ó mọ eré ìdárayá, gbogbo iléèwé ló ń sọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀. Bí ọmọkùnrin náà bá ní kí àwọn jọ máa lọ sílé, á ní rárá o, ojú á ti òun bí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá rí àwọn pọ̀. Gbólóhùn yẹn di olókìkí.

Onísùúrù ní "ọlọ́kàn tútù" ni Shiori. Mo ní kó tún un sọ. Ní èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ẹni tútù ni ẹni jẹ́jẹ́. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ tutù ni gbogbo ìyá ọkọ ń gbàdúrà fún. Inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti lọ gbé òtútù yẹn wá. Bó bá jẹ́ ṣakará ló fẹ́ sọ, kó sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà kò rí tirẹ̀ rò rárá, ọ̀rọ̀ wà fún ìyẹn náà. Kò fẹ́ gbọ́ ìkejì yẹn sétí. Ó ní àwọn ará Japan ní orúkọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, tsundere: lákọ̀ọ́kọ́ á gbé imú sókè, lẹ́yìn náà á yọ́ bí òrí inú oòrùn. "Lẹ́yìn náà" yẹn ni ìsìn Onísùúrù.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí, mo jókòó tì í. Ó mú Shiori lọ sí ọgbà ẹranko. Shiori sọ ọ̀rọ̀ kan, èsì mẹ́ta yọ. Onísùúrù kò tíì ka èsì kankan tí ìka rẹ̀ fi ti wà lórí bọ́tìnnì kan lókè kíbọọ̀dù. Ó ní òun ń séèfù ni. Kọ̀ǹpútà gbé ìṣẹ́jú yẹn pamọ́ bí ẹni kó ẹja sínú fíríìsà. Ó mú èsì kìn-ín-ní. Shiori fajú ro. Onísùúrù kò mira. Ó tẹ bọ́tìnnì kejì, ìṣẹ́jú náà padà wá, ojú Shiori mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó mú èsì kejì. Shiori dá a lóhùn bí ẹni ń dá kọ́ńdọ́ lóhùn. Bọ́tìnnì. Àwo mọ́. Ó mú ìkẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pọ́n. Onísùúrù wá fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Ọgbà ẹranko, ìkẹta." Ojú ewé náà ti kún. Etíkun wà níbẹ̀, sinimá wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn tí kò gbọdọ̀ rà.

Inú ti ń bí mi, ni mo bá ń ka iye ìgbà tó ń padà sẹ́yìn. Kí àkùkọ tó kọ, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ló tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn yẹn. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni obìnrin kan fajú ro sí i lóru ọjọ́ kan, kò sì sí ẹyọ kan tó kù sí i lára. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Ti Onísùúrù kì í fọ́. Ó ní ibi tó ń kó o padà sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó na ara, ó yán, ó ní: "Àǹtí, ẹ ò rí i pé sùúrù lérè?"

Sùúrù wo? Ẹni tó sọ ìsọkúsọ lọ́jọ́ Ajé, tó sì gbọ́dọ̀ kí ẹni tó sọ ọ́ sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ojú ń tì í, tí kò mọ̀ bóyá yóò dáhùn, ẹni yẹn ló ń kọ́ sùúrù. Ẹni tó ń pa àná rẹ́ ní ìgbà mọ́kànlélógójì kò tíì dúró de ẹnikẹ́ni rí láyé.

Mi ò bá àwọn tó ṣe eré náà jà. Àwọn pàápàá le ju Onísùúrù lọ: wọ́n ní kí ọmọkùnrin inú ìtàn kàwé, kó mọ sáyẹ́ǹsì, kó mọ iṣẹ́ ọnà, kó sáré, kó tún ara rẹ̀ ṣe, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí Shiori tó yíjú sí i. Nínú kọ̀ǹpútà, ọmọkùnrin yẹn ti di ọ̀gá nínú ohun gbogbo. Ẹni tó ń darí rẹ̀ kò tíì gé èékánná láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, abọ́ tó fi jẹ ẹ̀wà lánàá ṣì wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn ọmọbìnrin yòókù ńkọ́? Bí ọmọkùnrin bá ti mọ ọ̀kan, tó wá pa á tì fún ìgbà pípẹ́, àwòrán bọ́ǹbù á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bí bọ́ǹbù náà bá bú, òfófó á gba iléèwé kan, gbogbo wọn á kórìíra rẹ̀ díẹ̀ sí i, Shiori pẹ̀lú. Onísùúrù wá ní ètò tirẹ̀: Sunday yìí, eléyìí; Sunday tó ń bọ̀, tọ̀hún. Kò nífẹ̀ẹ́ ìkankan nínú wọn. Ó ń ta omi sí ìkòkò wọn kó má baà jóná ni, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gún iyán. Mo bi í bóyá ojú kì í tì í. Ó ní, "Àǹtí, àwòrán lásán ni wọ́n." Shiori ńkọ́? Ó dákẹ́.

Alárinà tún wà fún un, ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Yoshio Saotome, tó kọ nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí àti ìwọ̀n àyà àti ìdí àwọn ọmọbìnrin iléèwé náà sílẹ̀. Pè é, á sọ bí inú oníkálukú ti rí sí ọ. Alárinà tiwa láyé àtijọ́ a máa rìn lọ rìn bọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú, ìgbà mìíràn á sì padà wá bá ìdílé ọkọ pé wọn ò gbà. Mi ò tíì gbọ́ kí Yoshio sọ pé, ọ̀rẹ́ mi, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti la irú wọn lójú. Ní 2017, Team Salvato ní Amẹ́ríkà gbé Doki Doki Literature Club jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré ìfẹ́ yòókù, àwọn ọmọbìnrin arẹwà nínú ẹgbẹ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí aburú ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn, eré náà nu gbogbo ohun tí òṣèré ti séèfù nù. Kò sí àná tí yóò sá padà sí mọ́. Lóru tí Onísùúrù ṣe é débẹ̀, igbe tó ké jí gbogbo ilé. Mo sáré wọlé, mo ṣe bí iná ló gbé e. Ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó yọ eré náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí n tó dé ẹnu ọ̀nà padà, ó wá ṣí ti Shiori.

Àwọn obìnrin náà ní tiwọn o. Ọdún 1994 kan náà ni Koei ṣe Angelique fún wọn. Ní 2010, ìlú Atami létí òkun Japan pe àwọn ọkùnrin tó ń ṣe eré ìfẹ́ LovePlus pé kí wọ́n gbé ọ̀rẹ́bìnrin inú ẹ̀rọ wọn wá gbafẹ́, àwọn kan sì gba yàrá ẹlẹ́ni méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Ẹni tó gbé àwòrán lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, owó ara rẹ̀ ló ná, kò dínà mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwáwí kan wà tí Onísùúrù gbé kúrò nínú yàrá wá sí ìgboro, òun ni mo kórìíra: "Kì í ṣe pé kò fẹ́ mi, ó ń pa á mọ́ra ni." Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀kọ àárọ̀, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀bà alẹ́. Bí ọmọbìnrin kò bá gbé fóònù, ó ń pa á mọ́ra. Bó bá gbé e tó ní ọwọ́ òun dí, ó ń pa á mọ́ra. Bó bá ka ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp tí kò fèsì, ìyẹn gan-an ni olórí pípa mọ́ra. Wọ́n ti dá a lọ́gbẹ́ ọkàn rí. Ẹ̀rù ìfẹ́ ń bà á. Bàbá rẹ̀ kò kà á sí ní kékeré. Onísùúrù kò mọ orúkọ bàbá ọmọ náà, ó ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ bàbá náà. Ó ti pinnu pé gbogbo ọmọbìnrin tó bá le ní ìtàn ẹkún tí yóò sọ nígbà tí eré bá fẹ́ parí, nítorí náà ọmọbìnrin kan tó le sí i ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn wa níbí, náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Pé kí ọmọ náà kàn wò ó láti òkè délẹ̀, kí ó rí i pé kò wu òun, ìyẹn kò sí nínú èsì mẹ́ta.

Ó tiẹ̀ fi àṣà gbè é lẹ́sẹ̀. "Àǹtí, ṣebí láyé àtijọ́, obìnrin kì í tètè ṣíhùn?" Bẹ́ẹ̀ ni, kì í tètè ṣíhùn. Ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì mọ ibi tí kùmọ̀ wà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá yẹn ń ta oògùn ní kẹ́mísìtì kan. Onísùúrù lọ ra parasitámọ́ọ̀ níbẹ̀, ọmọ náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Pẹ̀lẹ́ kan ṣoṣo yẹn ló bí gbogbo rẹ̀. Láàárín oṣù méjì, páálí parasitámọ́ọ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ilé mi, orí kò sì fọ́ ẹnikẹ́ni. Aago méje alẹ́ ni ọmọ náà ń ṣíwọ́, á fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní Sángo. Onísùúrù ní òun fẹ́ sìn ín. Ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa dá lọ ni." Ó sáré wálé wá fún mi níròyìn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀: "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́? Ohun tí Shiori sọ gan-an nìyẹn!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà là á mọ́lẹ̀: "Bọ̀dá, mi ò fẹ́. Ẹ má sìn mí mọ́." Onísùúrù wọlé, ó jókòó lórí àpótí nínú kíṣìnì mi, ó wo ilẹ̀ títí, ó ní: "Àǹtí, kí ni mo yàn tí kò dáa?"

Mo ní kò yan nǹkan kan. Mo ní ọmọ náà ló yàn. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èdè Ṣáínà.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje, ó tún wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Èmi náà wà ní òdìkejì títì, mo ń ra búrẹ́dì. Ó fi ẹ̀rín ọjọ́ àkọ́kọ́ kí ọmọ náà, pẹ̀lú ohùn ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni pé àná kò wáyé: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo mọ bọ́tìnnì tó rò pé òun tẹ̀. Àmọ́ ojú ọmọ náà kò mọ́ bí àwo. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ọmọdé ni Onísùúrù. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ìwà ìkà sì ni ohun tó ṣe yẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ bẹ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kò sí nǹkan, mà. Ó ní òun kì í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé mọ́. Ó ń wọ máíkírà lọ sí Dùgbẹ̀, ó ń tibẹ̀ wọ òmíràn gba Eléyẹlé dé Sángo. 700 náírà ni lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń san án.